Etí Aṣọ Kejì

Ẹ̀wà ni Níyìọlá ń ṣà lọ́wọ́ lẹ́yìnkùlé nígbà tí igbe ta ní ilé òdìkejì ọ̀nà. Igbe kan ṣoṣo ni, ó sì dákẹ́ bí ẹni tí èémí fẹ́ tán nínú rẹ̀; lẹ́yìn náà ni òmíràn tẹ̀lé e tí kò dákẹ́ mọ́. Kò sí ẹni tó ní láti túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ṣùkúrát ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń ké. Ìyá àgbà tó ti dùbúlẹ̀ àìsàn láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò ti lọ nìyẹn. Ó gbé àtẹ ẹ̀wà sílẹ̀, ó tún ìró so mọ́dìí, ó fa gèlè kan yọ lórí okùn, ó sì dorí kọ ẹnu ọ̀nà.

Amos ọkọ rẹ̀ ti wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan di férémù ilẹ̀kùn mú, bí ẹni tó kàn ń gba atẹ́gùn.

"Níbo?"

"Ẹ ò gbọ́ ni? Ìyá Ṣùkúrát ti kú."

"Mo gbọ́. Mo ní níbo lò ń lọ?"

Obìnrin tó bá ti pẹ́ díẹ̀ nílé ọkọ mọ̀ pé bí ọkùnrin bá di ilẹ̀kùn mú tó sì bi í pé níbo, kì í ṣe ìbéèrè ló ń béèrè. Níyìọlá dúró. Gèlè wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò wé e, kò sì jù ú sílẹ̀.

"Ìyá Ìyanu, o mọ ohun tí a fẹnu kò sí," ni Amos wí. "Òní gan-an sì ni ìgbìmọ̀ ń bọ̀ wá pín ṣọ́ọ̀bù ọjà tuntun, nínú ilé yìí. Ẹsẹ̀ rẹ ò gbọdọ̀ tẹ ilé yẹn."

Ọ̀rọ̀ ọjà Fìdítì ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Apá kan ìlú ní kí ọjà kúrò létí títì kó lọ sí ilẹ̀ tuntun lẹ́yìn ìlú, nítorí tírélà tó ń ti Ọ̀yọ́ bọ̀ kì í mọ ìyàtọ̀ láàárín ènìyàn àti ọsàn. Apá kejì ní àwọn ò lọ síbì kankan. Kí ìlú pín sí méjì lórí ọ̀rọ̀ kan, kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Àwọn baba wa náà ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n á sì jọ jẹun bó bá dalẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn tiwa gbọ́n ju baba wọn lọ. Apá kan jókòó, wọ́n ṣòfin pé ẹnikẹ́ni nínú àwọn kò gbọdọ̀ rajà lọ́wọ́ apá kejì, kò gbọdọ̀ lọ síbi ìkómọ wọn, ìgbéyàwó wọn tàbí òkú wọn. Apá kejì gbọ́, wọ́n ní kò burú, àwọn náà ṣe tiwọn. Báyìí la ṣe dé ibi tí ènìyàn ti ń gba àṣẹ kó tó bá aládùúgbò rẹ̀ sunkún. Kí ló tún kù tí a ò tíì bà jẹ́?

Ohun tó wá ń dun Níyìọlá ni pé òun àti Ṣùkúrát gan-an kò fohùn ṣọ̀kan rí lórí ọ̀rọ̀ yìí, wọn ò sì torí rẹ̀ bínú síra wọn rí. Níyìọlá ní kí ọjà kúrò. Ta ni ì bá sọ bẹ́ẹ̀ bí kò ṣe òun? Inú ọjà yẹn ni tírélà ti yà bàrá kúrò lójú títì, tó gbá Ìyanu ọmọ rẹ̀ mọ́ ògiri, tó fọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ṣùkúrát, tó ń ta ọsàn àti ọ̀pẹ òyìnbó níbẹ̀, a máa dá a lóhùn pé, "Tírélà ló yẹ kó kúrò, kì í ṣe àwa. Ẹni tí olè jà, ṣé òun la ó ní kó kó jáde nílé?" Níyìọlá á ní, "Lọ́jọ́ tí o bá rí tírélà tó ń gbọ́ràn, wá pè mí." Wọ́n á jà á títí ẹ̀pà sísè tí wọ́n jọ ń jẹ á fi tán. Èyí á ní orí kunkun rẹ yìí ni yóò pa ọ́, tọ̀hún á ní tìẹ ni yóò kọ́kọ́ pa ọ́, ó di ọ̀la. Ìyá àgbà á máa gbọ́ wọn látorí ẹní rẹ̀, á rẹ́rìn-ín, á ní ọ̀nà kan ò wọjà, ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí.

"Bàbá Ìyanu, òkú ni o," ni Níyìọlá wí. "Kì í ṣe ìpàdé."

"Òkú ò ní mọ̀ bóyá o wá."

"Ẹni tó ṣẹ́kù ńkọ́?"

Amos wẹ̀yìn, ó sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Kì í ṣe ènìyàn burúkú, a ò gbọdọ̀ purọ́ mọ́ ọn. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni, ó ń wọ mọ́tò lọ sí Ìbàdàn láràárọ̀, díákónì ni ní ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi, kì í mutí, kì í gbé ọwọ́ sókè sí ìyàwó. Òun ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ àwọn tó fẹ́ kí ọjà kúrò, ó sì ti tọrọ ààyè níbi iṣẹ́ nítorí ọjọ́ náà.

"Ṣọ́ọ̀bù ẹnu géètì nìkan ni kò ní àtẹ̀gùn," ni ó wí. "O mọ̀. Gbogbo ìyókù, àtẹ̀gùn ni wọn yóò fi gùn ún. Mo bẹ̀bẹ̀ títí kí wọ́n tó gbà láti fi í sílẹ̀ fún Ìyanu. Josephine tí a jọ wà nínú ìgbìmọ̀ ń wá a fún ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ohun kékeré ló sì ń wò lọ́nà láti fi gbà á. Ọmọ tó kọ́ṣẹ́ aránṣọ tán, tí kò rí ibi tí yóò gbé ẹ̀rọ sí, o fẹ́ fi ìyẹn ṣeré nítorí ọ̀rẹ́?"

Níyìọlá wo ilé òdìkejì láti abẹ́ apá ọkọ rẹ̀. Àwọn obìnrin ti ń sáré wọbẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ lórí. Ọ̀nà oníyanrìn tí kò fẹ̀ ju kí mọ́tò méjì yàgò fún ara wọn ló wà láàárín. Bí ó bá pe Ṣùkúrát láti ibi tó dúró sí, Ṣùkúrát yóò gbọ́. Ó padà sídìí ẹ̀wà rẹ̀.

Ìyanu ti jókòó síbẹ̀ lórí àpótí, ó na ẹsẹ̀ líle yẹn síwájú, ó ń bá ìyá rẹ̀ ṣà á. Kò gbójú sókè.

"Màámi, ẹ lọ."

"Ṣa ẹ̀wà."

"Màámi, ìyá àgbà ni wọ́n gbé mi sórí ẹsẹ̀ lọ́jọ́ tí tírélà..."

"Mo ní kí o ṣa ẹ̀wà."

Wọ́n gbé e kaná. Níyìọlá fọ ìrẹsì, ó gé àlùbọ́sà, ó da ẹran sínú ìkòkò. Oúnjẹ ìgbìmọ̀ ni ó ń sè, ìgbìmọ̀ tó ṣòfin pé kó má lọ sílé ọ̀fọ̀, ó sì gbọ́dọ̀ dùn. Ilé tí òkú bá wà kì í dáná. Àwọn ọ̀rẹ́ ni ń gbé oúnjẹ wá. Bó bá jẹ́ ọjọ́ mìíràn ni, ìkòkò yìí ì bá ti sọdá ọ̀nà kó tó hó tán. Ó ń ro ọbẹ̀, ó ń fetí sí ẹkún òdìkejì, bí ẹkún bá lọ sílẹ̀, òun náà á dáwọ́ dúró. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ.

Àlàkẹ́, ayálégbé tó ń gbé ẹ̀yìn ògiri wọn, wá tọrọ iyọ̀. Iyọ̀ kọ́ ló bá wá.

"Ìyá Ìyanu, ẹ kú iná o. Mo kàn ní kí n wò yín ni. Wọ́n ń bi mí lọ́hùn-ún pé ṣé ẹ ò sí nílé ni."

"Kí lẹ sọ fún wọn?"

"Mo ní n ò mọ̀. Ẹnu mi kọ́ ni wọ́n ti máa gbọ́ ọ." Àlàkẹ́ wo ẹ̀yìn, ó súnmọ́ ìkòkò. "Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra o. Àwọn ọmọ kan jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, fóònù wà lọ́wọ́ wọn. Ẹnikẹ́ni tó bá wọlé òkú, wọ́n á ya fọ́tò rẹ̀, wọ́n á gbé e sórí Wásáàpù. Apá yín ń ya apá wọn, apá wọn ń ya apá yín. Èmi tí n ò ní ṣọ́ọ̀bù, tí n ò ní ọsàn, wọ́n ya èmi náà."

"Olúwa ṣàánú."

"Ẹ bù mí níyọ̀ díẹ̀, kí n rí nǹkan mú jáde."

Níyìọlá bu iyọ̀ fún un. Àlàkẹ́ dúró díẹ̀ sí i.

"Wọ́n ti ń gbé omi kaná lọ́hùn-ún," ni ó wí, ó sì lọ.

Omi yẹn ni Níyìọlá ti ń bẹ̀rù láti òwúrọ̀. Ní agbo ilé àwọn Ṣùkúrát, wọn kì í wẹ òkú obìnrin nínú yàrá. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ti ń wẹ̀ ẹ́. Wọ́n á ta aṣọ yí i ká, obìnrin méjì á sì di etí aṣọ iwájú mú, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, títí iṣẹ́ á fi parí. Ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ tí òkú bí. Ìkejì gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí òkú fúnra rẹ̀ yàn nígbà tó wà láàyè, tí kì í ṣe ọmọ rẹ̀, kó lè jẹ́ pé ẹni tí ẹ̀jẹ̀ so mọ́ ọn àti ẹni tí ìfẹ́ so mọ́ ọn ló jọ bo ìhòòhò rẹ̀. Ààfáà ti wàásù lórí àṣà yìí títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ìyá àgbà sì ti yan tirẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn, lọ́jọ́ Iléyá kan, bí wọ́n ṣe ń jẹran: "Níyìọlá ni. Onígbàgbọ́ ni o, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Níyìọlá náà rẹ́rìn-ín, ó ní ìyá, ẹ ò ní kú. Báyìí ìyá ti kú, omi ti wà lórí iná, wọn yóò sì sin ín lẹ́yìn ìrun àìlá.

Kò pẹ́ tí wọ́n kan ilẹ̀kùn. Níyìọlá mọ ohùn náà, ti Sìrájù ni, àbúrò Ṣùkúrát. Ó súnmọ́ aṣọ ìkélé tó wà láàárín kíṣìnnì àti pálọ̀, ìpọnbẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ kú ilé o, Bàbá Ìyanu."

"Sìrájù. Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ kú ara fẹ́ra kù. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ̀yìn ìyá dára."

"Àmín. Ẹ ṣeun. Àǹtí Níyì ni mo wá pè. Omi ti gbóná, àwọn tó máa wẹ̀ wọ́n ti dé. Ẹ̀gbọ́n mi ti di etí aṣọ tiwọn mú, Àǹtí ni wọ́n ń retí."

Níyìọlá dúró lẹ́yìn aṣọ ìkélé. Ó ń bẹ Ọlọ́run pé kí ọkọ òun sọ òtítọ́, kó ní mi ò jẹ́ kó wá. Bó bá sọ bẹ́ẹ̀, òun yóò lè jáde, òun yóò lè bẹ̀ ẹ́ níwájú àlejò, ojú á sì tì í, á sì jọ̀wọ́ òun.

"Ara rẹ̀ ò yá," ni Amos wí. "Ibà ló dá a dùbúlẹ̀ láti àná. Kò lè dìde lórí ẹní."

Ọ̀rọ̀ ti bọ́. Bó bá ká aṣọ yẹn sókè báyìí tó sì jáde pẹ̀lú ìpọnbẹ̀ lọ́wọ́, ó ti sọ ọkọ rẹ̀ di òpùrọ́ lójú ẹni tí kì í ṣe ará ilé. Kí ni wọ́n kọ́ obìnrin tó ju èyí lọ? Ìyá rẹ̀ kọ́ ọ, ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì kọ́ ọ, òun náà ti kọ́ Ìyanu: bo ọkọ rẹ láṣìírí. Àwa tí a ń kọ́ àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀, a kì í sọ fún wọn ohun tí wọn yóò ṣe bí aṣọ tí a fi ń bo ọkọ bá jẹ́ èyí tó yẹ kí a fi bo òkú ìyá ẹni. Ó dúró. Ẹ̀kán ọbẹ̀ ń ti ojú ìpọnbẹ̀ kán sí i lẹ́sẹ̀, ó sì gbóná.

"Háà, ibà?" Ohùn Sìrájù yí padà. "Ó mà ṣe o. Ẹ bá mi kí wọn. N ó sọ fún Ẹ̀gbọ́n mi."

Ó lọ. Amos wá sí kíṣìnnì, kò wọlé tán.

"Mo ti bá ọ tún un ṣe," ni ó wí. "Kò sẹ́ni tó máa bínú sí aláìsàn."

Níyìọlá bu iyọ̀ sí ọbẹ̀. Ìyanu ń wò ó.

"Màámi, ṣé ibà ń ṣe yín ni?"

Níyìọlá bu omi sí ẹ̀wà, ó dé ìkòkò, ó sì jókòó sórí àpótí fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tó ti dáná. Fóònù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dún nínú àpò aṣọ ìdáná. Ṣùkúrát ni. Ó wò ó bó ṣe ń dún. Bó bá gbé e, ohùn wo ni yóò fi sọ̀rọ̀, ti aláìsàn ni àbí ti ara rẹ̀? Ó dún tán, ó tún dún lẹ́ẹ̀kejì, ó sì dákẹ́.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ dé, pálọ̀ kún. Tíṣà Olúbọ̀dé, alága wọn, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, jókòó sórí àga ńlá. Josephine, obìnrin kan ṣoṣo tó wà nínú wọn, jókòó síbi tó ti lè rí ẹnu ọ̀nà àti kíṣìnnì papọ̀. Wọ́n gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbàdúrà kí ìlú ní ìrẹ́pọ̀, wọ́n ṣe àmín tó lágbára, wọ́n sì pa fèrèsé dé nítorí ẹkún òdìkejì ń dí wọn lọ́wọ́.

Níyìọlá gbé oúnjẹ wọlé, ó kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n yin ọbẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́, bẹ́ẹ̀ la máa ń wí. Àgbà wà ní pálọ̀ Amos lọ́jọ́ yẹn, ẹran ló ń já. Olúbọ̀dé mọ ìyá tó kú. Ìyá yẹn ló ń fún un ní ọsàn jẹ nígbà tó kọ́kọ́ dé Fìdítì tí owó oṣù ò tíì jáde. Ó gbójú lé abọ́ rẹ̀.

"Ìyá Ìyanu," ni Josephine wí, "a gbọ́ pé ọ̀rẹ́ yín ṣòfò."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ ò sì lọ."

"Kò lọ," ni Amos yára dáhùn. "Ó mọ òfin."

"Ó ṣe dáadáa. Kì í ṣe torí òfin nìkan o. Ènìyàn tó bá wo ẹsẹ̀ ọmọ tirẹ̀, tó rí ohun tí ọjà yẹn ṣe fún un, kí ló tún ń wá lọ́dọ̀ àwọn tó ní kí ọjà dúró síbẹ̀? Ọ̀rẹ́ wo nìyẹn? Ẹni tí ò bá sí lẹ́yìn rẹ, ọ̀tá rẹ ni."

Ìyanu ló wà lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì pẹ̀lú omi ìfọwọ́. Gbogbo wọn wo ẹsẹ̀ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Josephine ṣe fẹ́ kí wọ́n wò ó. Ọmọ náà dúró kí wọ́n wò ó tán, ó sì gbé omi náà kalẹ̀.

Wọ́n wọ inú ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù. Níyìọlá ń gbé àwo ẹran kiri, ó ń bi ẹni tó bá fẹ́ sí i. Ó ń gbọ́ tí wọ́n ń pe orúkọ. Wọn ò tíì dé ẹnu géètì nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí.

Sìrájù ni. Omi ṣì wà lára aṣọ rẹ̀. Ó gbé kúlà kékeré kan dání lọ́wọ́ kan, ìgò àgbo kan lọ́wọ́ kejì, ó sì ti ń sọ̀rọ̀ kó tó wọlé tán bí ẹni tí wọ́n ń dúró dè níbòmíràn.

"Bàbá Ìyanu, ẹ má bínú o, a ti wẹ̀ wọ́n tán, à ń lọ kírun sí wọn lára ni. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n kọ́kọ́ gbé eléyìí fún Àǹtí Níyì. Ẹ̀kọ gbígbóná ni, àgbo ibà sì nìyí, àwọn fúnra wọn ni wọ́n sè é. Wọ́n ní kí wọ́n mu ún ní gbígbóná. Wọ́n ní kí wọ́n má ṣe..."

Ojú rẹ̀ bá Níyìọlá láàárín pálọ̀. Ó dúró ṣánṣán lórí ẹsẹ̀ méjèèjì, gèlè lórí, àwo ẹran lọ́wọ́.

"...Wọ́n ní kí ẹ má ṣe dìde," ni Sìrájù parí rẹ̀.

Ì bá sàn kó bú u. Ó gbé kúlà àti ìgò náà sílẹ̀ lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, ó kí àwọn àgbà tó jókòó bí ọmọ tí wọ́n tọ́, ó sì sáré lọ síbi tí wọ́n ti fẹ́ gbé ìyá rẹ̀.

"Ibà wo?" ni Josephine wí. Ó wo Níyìọlá, ó wo Amos, ó sì bú sẹ́rìn-ín. "Akọ̀wé, ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀?"

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ti Amos ò tilẹ̀ rí òru sùn. Irọ́ tí ìyàwó rẹ̀ pa ẹnu ara rẹ̀ mọ́ láti bò, ó ti tú síta lójú àwọn tó ń bẹ̀rù jù, wọ́n sì ń fi í rẹ́rìn-ín. Níyìọlá gbé àwo ẹran sórí tábìlì. Inú ń bí i, inú ń bí i sí ọkọ rẹ̀, sí Josephine, sí alága tó ń wo abọ́, ṣùgbọ́n èyí tó bí i jù ni ti ara rẹ̀. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ kú láàárọ̀ yìí ló dáná lónìí tó se ẹ̀kọ fún òun. Òun tó yẹ kí òun gbé oúnjẹ lọ.

Ó lọ sẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé kúlà náà.

"Ìyá Ìyanu," ni Amos wí.

"Mo ń lọ, Bàbá Ìyanu."

"Ìyá Ìyanu, mo bẹ̀ ọ́."

"Bó bá jáde, kí a mọ ohun tó kàn," ni Josephine wí. "Òfin ni òfin. Orúkọ ta ló wà ní ẹnu géètì yẹn ná?"

Níyìọlá dúró. Wọ́n ti mú un níbi tó ti ń dùn ún. Ó yíjú padà wo ọmọ rẹ̀, ojú rẹ̀ sì ń bẹ̀ ẹ́.

"Ẹ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n yín, mà," ni Ìyanu wí fún Josephine. Ohùn rẹ̀ kò le, ó sì mọ́ gaara bí ti ẹni tó fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ dáadáa. "Ẹsẹ̀ mi lẹ fi ń ṣòfin láti ọjọ́ yìí. N ò rán ẹnikẹ́ni sí i. Màámi, ẹ máa lọ."

Olúbọ̀dé wúkọ́. Amos jókòó, ó fi ọwọ́ gbá orí mú. Níyìọlá jáde.

Àìlá ti kọjá. Wọ́n ti kírun tán, àwọn ọkùnrin sì ti gbé òkú lé èjìká, wọ́n ń yára bọ̀ lójú ọ̀nà pẹ̀lú orúkọ Ọlọ́run lẹ́nu. Níyìọlá yà sí ẹ̀gbẹ́ fún wọn. Aṣọ funfun tí wọ́n dì mọ́ ìyá náà kéré, ó kéré gan-an, kò mọ̀ pé ó ti rù tó bẹ́ẹ̀. Ó kúnlẹ̀ sínú yanrìn títí wọ́n fi kọjá. Lábẹ́ igi máńgòrò, ẹnìkan gbé fóònù sókè.

Àwọn ọlọ́sàn ojú títì jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní iwájú ilé òkú. Ọ̀kan nínú wọn rí i tó ń bọ̀.

"Ẹ dìde fún wọn o," ni ó wí. "Bóyá wọ́n tún wá kó bẹ́ǹṣì yìí lọ sí ọjà tuntun."

Wọ́n rẹ́rìn-ín kékeré, irú èyí tí wọ́n ń rín nílé ọ̀fọ̀. Kò sí èyí tó dá ìkíni rẹ̀ padà. Ó gba àárín wọn kọjá.

Ṣùkúrát wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn lórí ẹní, àwọn obìnrin jókòó yí i ká, Àlàkẹ́ wà lára wọn. Ojú rẹ̀ ti wú. Bó ṣe rí Níyìọlá, ó fi ọwọ́ tilẹ̀ dìde kíá.

"Ta ló ní kí o dìde? Ṣé Sìrájù ò jẹ́ iṣẹ́ mi ni?"

Ó bọ́ sí iwájú rẹ̀, ó sì gbé ẹ̀yìn ọwọ́ lé e lọ́rùn, ó tún gbé e lé e níwájú orí, bí a ti ń ṣe fún ọmọdé. Ọwọ́ náà tutù, òórùn ọṣẹ sì wà lára rẹ̀. Ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀, kò tètè gbé e kúrò. Níyìọlá mọ ìgbà tó yé ọwọ́ náà.

"Ara rẹ ò gbóná," ni Ṣùkúrát wí jẹ́jẹ́.

Ọ̀pọ̀ nǹkan ló wà tí Níyìọlá lè sọ. Ó lè ní òógùn ló bo òun, ibà náà sì rọ̀. Ó lè ní oògùn ni òun lò. Ṣùkúrát kò ní bá a jiyàn. Ó ti ń wo ẹnu rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n purọ́ fún òun. Lẹ́yìn rẹ̀, ní ẹ̀yìnkùlé, aṣọ ṣì wà lórí okùn, wọn ò tíì ká a. Ilẹ̀ ibẹ̀ tutù.

"Kò gbóná," ni Níyìọlá wí.

"Láti àná?"

"Láti àná."

Àlàkẹ́ wo ilẹ̀. Ṣùkúrát gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò lọ́rùn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì nù ún sára ìró rẹ̀.

"Wọ́n ní kí Àlàkẹ́ bá mi di etí kejì mú," ni ó wí. "Mo ní rárá. Mo ní ẹni tí ìyá mi yàn ò kọ̀, àìsàn ló ń ṣe é, n ò sì ní fi ẹlòmíràn sí ipò rẹ̀. Mo bá kan ìṣó mọ́ ògiri, mo fi etí aṣọ náà kọ́ ọ."

Níyìọlá fẹ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó fẹ́ sọ ti ilẹ̀kùn, ti aṣọ ìkélé, ti Ìyanu àti ẹnu géètì. Ó ní, "Ṣùkúrát," ẹkún sì gbà á lẹ́nu.

Ṣùkúrát gba kúlà náà lọ́wọ́ rẹ̀ kó má baà dànù. Ó ṣí i, ó wo ẹ̀kọ tó ti ń dì, ó tún un dé.

"Níyì, ọ̀rọ̀ ọjà yẹn, a ò ní fẹnu kò lé e lórí láéláé. Ìyẹn ò sọ pé kí o má wá. N ó bá ọ jà á lọ́la bí o bá fẹ́, n ó tún bá ọ jà á lọ́túnla. Ṣùgbọ́n ìyá mi ò lè tún kú lọ́la."